Ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan: Ìtàn Satoshi Ōmura, ọmọ àgbẹ̀ tó ṣàwárí oògùn ìfọ́jú etí odò

Ọ̀pá kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Doguè, ní Manigri tàbí ní Bassila lè ti rí rí. Wọ́n fa ìlà sí i lára. Ẹni tó fẹ́ gba oògùn yóò bọ́ bàtà, yóò dúró ṣánṣán tì í, ibi tí àtàrí rẹ̀ bá dé ni yóò sì sọ iye hóró tí wọ́n máa kà lé e lọ́wọ́. Ọmọdé tó kúrú á gba ẹyọ kan, ẹni tó ga jù lọ á gba mẹ́rin. Yóò gbé e mì níwájú ẹni tó ń pín in, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó tán, ó di ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tí yóò san sééfà kan.

Orúkọ oògùn náà ni ivermectin, Mectizan ni wọ́n sì ń kọ sára ìgò rẹ̀. Àrùn tí wọ́n torí rẹ̀ ń pín in ni àrùn ìfọ́jú etí odò, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní onchocerciasis. Lápá Ìbàràpá ní Nàìjíríà, ìnárun ni wọ́n ń pe ara yíyún tó ń bá a rìn.

Bí a bá bi èèyàn mẹ́wàá tó ti gbé oògùn yìí mì pé ta ló ṣàwárí rẹ̀, ó ṣòro kí a tó rí ẹnì kan tó máa dárúkọ ẹni náà. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ilẹ̀ Japan ni wọ́n bí i sí, Satoshi Ōmura ni orúkọ rẹ̀. Inú erùpẹ̀ ló ti rí oògùn náà.

Ọ̀pá ti àtijọ́

Kí ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn èèyàn tó dé, ọ̀pá mìíràn ti wà létí odò. Àgbàlagbà á di ìdí rẹ̀ mú, ọmọdé á di orí rẹ̀ mú, ọmọdé á sì máa fa àgbàlagbà lọ sóko, lọ sọ́jà, lọ síbi òkú. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ráyè lọ sílé ìwé, nítorí òun ni ojú bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà tó dàgbà létí odò ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kò nílò àlàyé lórí èyí. Àwọn ọ̀dọ́ ni kò rí i mọ́.

Eṣinṣin dúdú kékeré kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí iké, ló ń gbé àrùn náà kiri. Kì í yé ẹyin sínú omi tó dúró sójú kan bíi ti ẹ̀fọn. Omi tó ń sáré, tó ń já lu àpáta, ni ọmọ rẹ̀ fi ń ṣe ilé, bẹ́ẹ̀ irú omi yìí kò ṣọ̀wọ́n lágbègbè wa, níbi tí odò Térou ti ń ṣàn lọ bá Ouémé. Ojúmọmọ ló ń jẹ èèyàn, lásìkò tí àgbẹ̀ wà lóko, tí àwọn ìyá ń fọṣọ, tí apẹja ń da àwọ̀n.

Bí eṣinṣin náà bá jẹ ẹni tó ní àrùn, yóò fa ọmọ aràn mu mọ́ ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ ẹlòmíràn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, yóò gbé e fún un. Aràn náà á dàgbà lábẹ́ awọ, á di kókó tí èèyàn lè fọwọ́ kàn ní ìbàdí, ní ìhà tàbí ní orí. Abo aràn lè lo ọdún 10 sí 15 nínú kókó yẹn, kó sì máa bímọ ní gbogbo àsìkò náà. Àwọn ọmọ yìí, tí ojú lásán kò lè rí, ni wọ́n ń rìn kiri lábẹ́ awọ. Ara á máa yún èèyàn débi pé kò ní lè sùn. Awọ ojúgun á bó, á funfun tótòtó bí awọ ẹkùn. Bí wọ́n bá dé ojú, tí wọ́n sì ń kú síbẹ̀, ojú á máa ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fọ́ pátápátá.

Ilẹ̀ etí odò ló máa ń lọ́ràá jù lọ, ilẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn èèyàn sì ń sá fún. Odidi abúlé kó kúrò lójú ilẹ̀ dáadáa lọ sí orí ilẹ̀ òkúta, nítorí pé wọ́n rò pé ẹnì kan ló ń fi àwọn gégùn-ún, tàbí pé àwọn àjẹ́ ló ń ṣe àwọn.

Lọ́dún 1972, Robert McNamara, ọ̀gá àgbà Báńkì Àgbáyé nígbà náà, ṣàbẹ̀wò sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí, ó sì fojú ara rẹ̀ rí àwọn ọmọdé tó ń fi ọ̀pá fa àwọn afọ́jú. Ní 1974, iṣẹ́ ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè méje, Benin sì wà lára wọn. Hẹlikọ́pítà ń fò lórí odò, ó ń da oògùn apakòkòrò sínú omi kí ọmọ eṣinṣin lè kú. Iṣẹ́ náà dára, eṣinṣin sì dín kù. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n máa ṣe fún ẹni tí aràn ti wà lára rẹ̀? Oògùn méjì tó wà nígbà náà le débi pé ẹlòmíràn á lò ó tán, ojú tó kù díẹ̀ kó fọ́ á wá fọ́ tán. Kò sí dókítà tó ní làákàyè tó máa pín irú rẹ̀ káàkiri abúlé.

Ọdún 1974 yẹn kan náà, ní ìhà kejì ayé, ọkùnrin kan bu erùpẹ̀ sínú àpò ọ̀rá.

Ọmọ Nirasaki

Ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 1935 ni wọ́n bí Satoshi Ōmura ní Nirasaki, ní agbègbè Yamanashi, níbi tí òkè pọ̀ sí. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Olùkọ́ ni ìyá rẹ̀, ó sì tún ń sin kòkòrò tó ń ṣe òwú ṣẹ́dà, irú èyí tí àwọn baba wa ń rí lára igi tí wọ́n fi ń hun sányán. Ìyá yìí máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí àwọn kòkòrò náà sínú ìwé lójoojúmọ́, bí ooru ṣe mú tó, bí wọ́n ṣe jẹun sí. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Nítorí pé ìyá wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni Satoshi ti ń gba ẹ̀kọ́ ilé, ohun tí ìyá àgbà ń tẹnu mọ́ kò sì ju kan ṣoṣo lọ: ohun tó máa ṣe ẹlòmíràn láǹfààní ni kó máa ṣe.

Òun ni àkọ́bí ọkùnrin, nítorí náà oko kò yẹ̀ lórí rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ pé ó mọ̀wé jù lọ ní kíláàsì. Eré ìdárayá ló gbajúmọ̀ fún, pàápàá eré sísá lórí yìnyín pẹ̀lú pátákó gígùn lẹ́sẹ̀. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì Yamanashi lọ́dún 1958, ó sì lọ di olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Tokyo, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn èèyàn lálẹ́.

Ibẹ̀ ni ayé rẹ̀ ti yí padà. Àwọn tó ń kọ́ kì í ṣe ọmọ ọlọ́rọ̀. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti máa ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ kí wọ́n tó wá sí kíláàsì. Lọ́jọ́ ìdánwò kan, ọ̀kan nínú wọn pẹ́ dé. Bó ṣe jókòó tó mú kálàmù, olùkọ́ rẹ̀ rí i pé epo ẹ̀rọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré wá débi pé kò rí àyè fọ ọwọ́.

Ōmura ti sọ ìtàn ọwọ́ eléépo yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní ojú ti òun. Bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ dé ìrọ̀lẹ́ bá ṣì lè wá jókòó kọ̀wé, kí ni olùkọ́ rẹ̀ ń ṣe tí kò tún kàwé sí i? Ó padà sílé ìwé. Lọ́sàn-án ó ń ṣe ìwádìí, lálẹ́ ó ń kọ́ni. Ní 1963 ó gba oyè kejì nílé ẹ̀kọ́ gíga sáyẹ́ǹsì ti Tokyo. Owó kò tó, Fumiko ìyàwó rẹ̀ sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò kí oúnjẹ lè wà nílé. Àwọn tó ń kọ ìtàn àwọn ọ̀mọ̀wé kì í sábà ka irú iṣẹ́ báyìí kún. A kà á kún un níbí.

Lẹ́yìn tó ti ṣe iṣẹ́ díẹ̀ lórí bí ìwúkàrà ṣe ń sọ ṣúgà di ọtí, ó wọ ilé iṣẹ́ ìwádìí Kitasato ní Tokyo lọ́dún 1965. Ohun tó kọ́ nídìí ìwúkàrà kò fi í sílẹ̀: kòkòrò tí ojú kò rí lè fi òru ọjọ́ kan ṣe iṣẹ́ ńlá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò fi ní lè bá wa ṣe oògùn?

Ní 1971 ó lọ sí Amẹ́ríkà, sí yunifásítì Wesleyan, lọ́dọ̀ Max Tishler, ẹni tó ti jẹ́ olórí ìwádìí ní ilé iṣẹ́ apoògùn Merck tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn ibi tó pè é wá, ibẹ̀ ni owó oṣù ti kéré jù, ibẹ̀ ló sì mú. Ní 1973 Kitasato ní kó padà wálé. Ó mọ̀ pé bí òun bá délé, owó ìwádìí kò ní tó. Kó tó kúrò, ó bá Merck ṣe àdéhùn: òun àtàwọn èèyàn òun á máa wá kòkòrò tó lè di oògùn, Merck á máa fi owó ṣe ìtìlẹ́yìn, á sì dán ohun tí wọ́n bá rí wò. Bó bá di ohun títà, Merck á san ìdá kan nínú èrè fún Kitasato. Ẹ̀yin ọlọ́jà á rí i pé ọkùnrin yìí mọ ọjà ná.

Erùpẹ̀ Kawana

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ Ōmura ló ń gbé àpò ọ̀rá kékeré kiri. Ibikíbi tí ẹsẹ̀ bá gbé wọn dé, ibi iṣẹ́, ibi ìgbafẹ́, ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n á bu erùpẹ̀ díẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ ibẹ̀ sí i. Nínú ṣíbí erùpẹ̀ kan, àìmọye kòkòrò tí ojú kò rí ló wà níbẹ̀. Nínú yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á yà wọ́n sọ́tọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bọ́ wọn, wọ́n á wo àwọ̀ wọn àti bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ló ń já sí òfo. Àgbẹ̀ tó ń ro oko mọ bó ṣe máa ń rí.

Ẹ̀bá pápá gọ́ọ̀fù kan ní Kawana, nílùú Itō létí òkun, ni wọ́n ti bu erùpẹ̀ tó kó iṣẹ́ wọn já. Kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n tọ́, Ōmura ṣa nǹkan bíi 50 tó dá a lójú, ó kó wọn ránṣẹ́ sí Merck ní Amẹ́ríkà. Kòkòrò Kawana wà lára wọn.

Ẹni tó gbà á lọ́hùn-ún ni William Campbell, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí wọ́n bí ní 1930, onímọ̀ nípa aràn. Wọ́n po omi tí kòkòrò náà gbé mọ́ oúnjẹ eku tó ní aràn nínú. Aràn inú eku náà tán pátá. Wọ́n tún un ṣe, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ ohun tó ń pa aràn náà sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní avermectin. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníkẹ́míkà Merck tún un ṣe díẹ̀ kó lè lágbára sí i, kó má sì pa ẹni tó lò ó lára. Ó di ivermectin.

Ọjà màlúù, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹṣin ló kọ́kọ́ wọ̀, ní 1981. Kò pẹ́ tó fi borí gbogbo oògùn ẹran lágbàáyé. Owó ń wọlé fún Merck, ó ń wọlé fún Kitasato. Ìtàn ì bá parí síbẹ̀, kí ó jẹ́ ìtàn oògùn màlúù lásán.

Dakar, 1981

Campbell àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ṣàkíyèsí ohun kan. Aràn kan wà tí í ṣe ìyekan aràn ìfọ́jú etí odò, ara ẹṣin ló ń gbé, oògùn yìí sì ń pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ní 1978 Campbell sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé ẹ jẹ́ ká gbé e dé ọ̀dọ̀ èèyàn.

Ẹni tó gbé e dé ọ̀dọ̀ èèyàn ni Mohammed Aziz, dókítà Merck tí wọ́n bí ní ilẹ̀ tó di Bangladesh lónìí. Ní Dakar, ní Senegal, òun àtàwọn dókítà yunifásítì ibẹ̀, Samba Diallo jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1981. Èèyàn 32 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n fún wọn ní ìwọ̀n tó kéré gan-an, wọ́n ń wò wọ́n. Wọ́n gé awọ díẹ̀ lára wọn, wọ́n wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ: ọmọ aràn ń dín kù, ojú ẹnikẹ́ni kò sì bàjẹ́ sí i. Ní 1982 wọ́n kọ àbájáde náà sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, The Lancet.

Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti wá di ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní Hohoe, ní ilẹ̀ Ghana, lẹ́bàá ààlà Togo, Dókítà Kwablah Awadzi lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ lára àwọn aláìsàn. Àjọ TDR, tó ń rí sí ìwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, náà dá sí i, ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá àjọ náà láti 1976 sí 1986: Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòkunbọ̀ Lucas, ọmọ Èkó. A ò gbọ́dọ̀ sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ọkùnrin kan jókòó ní Tokyo, ó sì gba Áfíríkà là. Àwọn ọmọ Áfíríkà ló gbà kí wọ́n gé awọ ara wọn wò, àwọn dókítà Áfíríkà sì wà lára àwọn tó wò ó.

Ta ló máa sanwó?

Ní 1987, ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí oògùn náà fún lílò èèyàn. Ọ̀rọ̀ wá kù sórí owó. Àwọn tó nílò oògùn yìí jù lọ ni àwọn tí kò ní owó tí wọ́n máa fi rà á. Roy Vagelos, ọ̀gá àgbà Merck, ti kan ilẹ̀kùn ìjọba Amẹ́ríkà àti ti àwọn mìíràn pé kí wọ́n wá sanwó rẹ̀. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ó kéde pé Merck máa fún gbogbo ẹni tó bá nílò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, iye yòówù kó jẹ́, títí tí a kò fi ní nílò rẹ̀ mọ́. Aziz gbọ́ ìkéde náà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló kú.

Ní Tokyo, Ōmura àti Kitasato gbà pé àwọn kò ní gba ìdá èrè tó tọ́ sí àwọn lórí oògùn tí wọ́n bá pín fún àwọn tó ní àrùn yìí. Owó ti oògùn ẹran ni wọ́n fọwọ́ mú. Ó fi lára rẹ̀ gbé Kitasato dìde, ní 1989 wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn kan ní Kitamoto, tó fi àwòrán ṣe ògiri rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ nítorí ó gbà pé ojú aláìsàn nílò ohun tó dára láti wò. Ó fẹ́ràn àwòrán púpọ̀. Ní Nirasaki, ìlú rẹ̀, ó kọ́ ilé àwòrán kan, ó sì fi í ta ìlú náà lọ́rẹ.

Nígbà tí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1974 parí ní 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èèyàn 600,000 ló ti bọ́ lọ́wọ́ ìfọ́jú, àti pé ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 25 mílíọ̀nù hẹ́kítà ló ti ṣeé gbé, ṣeé dáko padà. Ẹni tó bá ń gbin iṣu tàbí kájú sítòsí odò lónìí, kó ronú lórí ìyẹn wò.

Ohun tí oògùn náà kò lè ṣe

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan Doguè gan-an la dé yìí. Ivermectin kì í pa ìyá aràn. Àwọn ọmọ tó ń rìn lábẹ́ awọ ló ń pa, ó sì ń dá ìyá dúró fún ìgbà díẹ̀ kó má bímọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìyá inú kókó á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń padà wá lọ́dọọdún, tí ó sì gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún 10 sí 15, títí tí ìyá á fi kú fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé oògùn ọdún tó kọjá kò ṣiṣẹ́.

Ohun kejì ni pé, tí ará abúlé méje nínú mẹ́wàá bá lò ó tí mẹ́ta kọ̀, eṣinṣin á máa rí ọmọ aràn fà lára àwọn mẹ́ta náà. Ọlọ́jà tó lọ sí Djougou tàbí Parakou lọ́jọ́ tí wọ́n pín in, àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti ọ̀nà jíjìn tí orúkọ rẹ̀ kò tíì sí nínú ìwé, darandaran tó wà nínú igbó, eṣinṣin kì í bi wọ́n bóyá wọ́n wà nílé lọ́jọ́ náà. Ẹni tí oògùn bá fò dá lè lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in tàbí nílé ìwòsàn.

Kí ló dé tí àwọn kan fi ń kọ̀ ọ́? Òmíràn lò ó lọ́dún kan, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ojú rẹ̀ wú, ibà gbé e fún ọjọ́ méjì. Ó ní oògùn òyìnbó fẹ́ pa òun. Òkú ọmọ aràn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀. Bí aràn bá ṣe pọ̀ tó lára èèyàn ló ṣe máa ń gbóná tó, lọ́dún kejì kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá le sí, kó lọ rí nọ́ọ̀sì. Òmíràn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ń béèrè pé afọ́jú dà? Wọn ò rí afọ́jú kankan lábúlé, kí ni wọ́n ń gbé oògùn mì fún? A ò lè bá wọn jà. Ọ̀pá ti àtijọ́ ni wọn kò rí.

A ní láti fi èyí kún un o: aláboyún kì í lò ó, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ tí kò tíì ga tó 90 sẹ̀ǹtímítà àti ẹni tí àìsàn gidi dá dùbúlẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà fún gígún màlúù, ti màlúù ni. Nígbà àrùn Covid, ariwo pọ̀ pé ivermectin ń wò ó, àwọn kan tilẹ̀ ń lo ti ẹran. Ìwádìí ńlá ńlá tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò rí i pé ó wúlò fún Covid.

Ṣé ọ̀nà yìí lópin? Ó lópin. Oògùn yìí kan náà, pẹ̀lú albendazole, ni wọ́n fi ń gbógun ti aràn tó ń fa jàbùtẹ̀, ní 2017 sì ni Togo, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó borí rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ náà kéde pé àrùn ìfọ́jú etí odò ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Niger, aládùúgbò wa ní àríwá. Niger ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà.

Mectizan! Mectizan!

Ní 2004, Ōmura wá sí Ghana láti fojú rí àwọn tó ń lo oògùn náà. Ní abúlé kan, àwọn ọmọdé yí i ká. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n mọ Japan. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n mọ Mectizan. Inú wọn dùn, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Fumiko ìyàwó rẹ̀ kò sí láyé mọ́ nígbà náà, ọdún 2000 ló kú. Nígbà tí ìròyìn dé ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, ọdún 2015, pé òun àti Campbell ló jọ gba ìdajì Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún náà lórí ìmọ̀ ìṣègùn, ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí obìnrin náà ti lọ. Tu Youyou, obìnrin ilẹ̀ China tó wá oògùn ibà artemisinin jáde lára ewé, ló gba ìdajì kejì. Ōmura jẹ́ ẹni 80 ọdún. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan tó jọ ìyanu, ọ̀dọ̀ àwọn kòkòrò inú erùpẹ̀ lòun ti yá agbára lò.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bu erùpẹ̀ Kawana, àwọn onímọ̀ ti wá irú kòkòrò yẹn káàkiri ayé, kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti rí i. Òun nìkan ni ivermectin gbogbo ayé ti jáde wá. Ìyẹn kò ní kí Ōmura má wá òmíràn. Nígbà tí àwọn oníròyìn wá bá a lọ́dún tó gba ẹ̀bùn náà, ó ṣì ń gbé àpò ọ̀rá kékeré kan kiri nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, bóyá ó máa kan erùpẹ̀ kan lójú ọ̀nà.